Ibo Ni Wọ́n Ń Kó Iṣu Sí?

Eyín ni mo ń ṣe lọ́sàn-án,
ní yàrá ẹ̀yìn iléewòsàn, ní Kàbbà,
fún àwọn tí ọjọ́ orí ti tú ẹnu wọn ká.
Mo ń da résìn sínú mọ́ọ̀dù,
mo ń fi sáńpépà pa á lára
títí ahọ́n ò fi ní mọ̀ pé àlejò ni.

Lálẹ́, bí jẹnẹrétọ̀ ilé Ìjàgbèmí bá ti dákẹ́,
mo máa ń ṣí páálí kan
tó ti Lọ́kọ́ja wá lábẹ́ ìjókòó dẹrẹ́bà,
láàárín àpò ẹ̀wà méjì.
Ọkọ̀ asáré àwọn ará Ítálì ló wà nínú rẹ̀,
ègé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, funfun bí egungun ẹja,
ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ọkọ̀ gidi.
Bí mo bá tò ó tán, àtẹ́lẹwọ́ mi á gbà á.

Ẹ má rò pé ó rọrùn.
Résìn kì í dà láìmí;
ibi tó bá ti mí, ihò á kù síbẹ̀,
ihò bí ojú abẹ́rẹ́, lábẹ́ iná iwájú gan-an.
Mo mọ àrùn náà. Ó ń ṣe eyín pẹ̀lú.
Mo dí i, mo fá a, mo rẹ sáńpépà sómi
kí eruku rẹ̀ má baà bá mi dé ẹ̀dọ̀fóró.
Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ èsúnsún lọ.
Mo fi ẹ̀mú mú un, ó fò.
Mo fi orúnkún rìn ká yàrá tòun ti tọ́ọ̀ṣì, n ò rí i.
Ọjọ́ Àìkú, láàárín ìwàásù,
ni mo bá a nínú ìṣẹ́po gèlè mi.

Afẹ́fẹ́ tí mo fi kùn ún, ọ̀dọ̀ Mẹdúpin fọ́kànáísà ni mo ti yá a.
"Òkun o, Ìyá Eléyín. Táyà wo la fẹ́ fún?"
Mo na táyà hàn án, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ṣùgbọ́n òun náà ló bá mi di rọ́bà mú.

Ọyẹ́ ò jẹ́.
Eruku já lé ọ̀dà tútù, ara ọkọ̀ di awọ ọ̀pọ̀lọ́.
Mo fọ̀ ọ́ kúrò, mo tún un kùn.
Mo tún fọ̀ ọ́.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo da omi sílẹ̀ balùwẹ̀ kí eruku lè jókòó,
mo wọlé pẹ̀lú ìró nìkan lára, mo mí díẹ̀díẹ̀.
Ó pupa. Ó ń dán. Mo rí imú ara mi lára rẹ̀.

Bàbá mi wa lọ́rì iṣu fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí, ìka ló fi ń ríran.
Ó gba ọkọ̀ náà, ó fi ìka wọn ikùn rẹ̀ sí tábìlì.
"Èyí ò ní kọjá kòtò ọ̀nà Ọbájànà.
Ibo ni wọ́n ń kó iṣu sí?"
Mo ní wọn kì í kó iṣu.
"Èrò ńkọ́?"
Ẹyọ kan, yàtọ̀ sí dẹrẹ́bà.
"Ta ni kọ́ńdọ́kítọ̀?"
N ò dáhùn.

Ó dákẹ́ pẹ́.
Ó wá rí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn.
Ó ṣí i. Ó pa á dé. Ó tún ṣí i.
Lẹ́yìn náà ló tì í gba etí tábìlì lọ,
ó ń fi ẹnu ké bí ẹ́ńjìnnì tó ń gun òkè,
ó yí jíà, ó tún yí i,
títí eyín tí mo ṣe fún un fi já bọ́ sórí tábìlì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀,
iṣẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì lójú kan.

Ó fọwọ́ tálẹ̀ wá wọn.
Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbé.